Ẹ̀ṣọ́ Inú Àyà Ládàání

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi wúkọ́ sí gbogbo àdúgbò wa létí. Bàbá mi ni ládàání mọ́ṣáláṣí wa ní Ìlá, àwọn ni wọ́n máa ń pe ìrun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí náà sì lágbára ju ohun tí àdúgbò wa nílò lọ. Ọmọ àdúgbò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló rà á, ẹni tó bá sì ti Èkó ra nǹkan wálé kì í ra kékeré. Wọ́n pe ìrun Àsùbáà dé ìdajì, wọ́n dákẹ́. A rò pé iná ló lọ. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, gbígbẹ, gígùn, ó ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, àwọn ajá sì ń dá a lóhùn. Obìnrin tó ń din àkàrà níwájú ilé wa sọ fún mi pé láti kékeré lòun ti ń kírun, òun ò tí ì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ikọ́ pe èèyàn sí i rí.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ikọ́ yẹn yóò lé obìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀, àti pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá mi lọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá yẹn lọ́jọ́ náà.

Awakọ̀ ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́rì pákó ni wọ́n ń wà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fúnra wọn ru bíríkì rẹ̀. Nígbà tí ojú wọn ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, wọ́n jókòó sílé, ìjókòó náà sì ń pa wọ́n lára. Wọ́n ń ṣọ́ bí mo ṣe ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ọ̀rà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ̀rà, ló rí i pé èyí ò lè rí bẹ́ẹ̀ lọ títí, ni wọ́n bá gbé ẹyẹlé wá látinú èyí tí wọ́n ń sìn, akọ kan, abo kan, nínú apẹ̀rẹ̀.

"Ilé tí ẹyẹlé bá ń ké, ayọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀," ni Màmá Ọ̀rà wí.

Ta ni yóò jiyàn? Ẹyẹlé ni ẹyẹ ilé. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Bí ẹyẹlé bá ṣí kúrò nílé kan, àwọn àgbà á ní ilé náà ti fẹ́ dahoro nìyẹn. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Ẹ lè lé adìyẹ, ẹ lè lé ewúrẹ́, ẹ tiẹ̀ lè lé àlejò tó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹyẹlé, ibi tó bá wù ú ni yóò yàgbẹ́ sí.

Méjì di púpọ̀. Bàbá mi kan pákó mọ́ ògiri bálíkóní òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn gan-an, wọ́n pín in sí ihòihò, tọkọtaya ẹyẹlé kan sí ihò kan. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n á fi ọwọ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀, eruku funfun á máa sọ lálá bí ìgbà tí wọ́n bá ń ku èlùbọ́. Wọ́n á gbé èyí tí ara rẹ̀ ò yá mọ́ àyà, wọ́n á máa fẹ́ ẹnu sí ìyẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá iná ara wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mọ̀ wọ́n, pẹ̀lú ìwà wọn. Lójú tèmi, gbogbo wọn ni olórí burúkú tó ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí mo bá sá. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Obìnrin tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàwó bàbá mi. Nígbà tí ìyá mi ti kú tó ọdún díẹ̀, bàbá mi lọ fẹ́ ẹ láti Ìrèsì. Télọ̀ ni, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n bí mi sínú ilé kó tó wọlé, ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Kò lè pè mí lórúkọ. "Akọ̀wé mi" ló ń pè mí, torí pé olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílùú wa, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ wọn. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó sì ń sùn nínú yàrá ìyá mi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú, torí ká ní ó ṣe mí ní nǹkan, ǹ bá rí ohun tí mo máa dì mú. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Bí ẹyẹlé ò bá ké nílé wa, ẹ̀rọ ń dún. Òun ló ń po ògì bàbá mi láràárọ̀, tó ń gbé e gòkè lọ bá wọn láàárín eruku yẹn, tó ń sín bó ṣe ń bọ̀.

Ikọ́ ò lọ. Mo mú bàbá mi lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n ní kì í ṣe òun. Wọ́n fún wọn ní oògùn ikọ́ olómi, wọ́n ń mu ún bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ikọ́ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá òun wí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ibà díẹ̀, òtútù díẹ̀. Wọ́n ń rù. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́, wọ́n ń dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sísàlẹ̀, bí mo bá sì bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní àwọn ń ronú ni. Bàbá mi kì í ronú lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ òun ní Èkó. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, jẹnẹrétọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ, gọ́tà dúdú ń ṣàn níwájú ilé, èéfín ọkọ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn rí ìràwọ̀. Mo ní ó fẹ́ lọ bá wa pa bàbá ni. Kò pẹ́ tí bàbá mi fi pè mí lórí fóònù, ohùn wọn ń ró bí ìgbà tí wọ́n ń wa lọ́rì. Ikọ́ ti lọ! Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n tiẹ̀ ti lọ bá ládàání àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi du ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìgbà tó yá, wọ́n padà sí Ìlá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tónítóní. Wọn ò tí ì bọ́ bàtà tí wọ́n fi gòkè lọ kí ẹyẹlé wọn, wọ́n sì gbá gbogbo ìgbẹ́ tó ti kó jọ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ibà dé, ikọ́ dé. Wọ́n tún lọ sí Èkó, ara yá. Wọ́n tún padà wálé, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á ti mọ̀. Kò sí ẹyẹlé lójú yín ni, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀. Àwa ò mọ̀. Ara tó ń yá lóde, tó wá ń ṣàìsàn tó bá ti délé, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní lọ́dọ̀ wa. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Màmá Ọ̀rà pe ìpàdé. Àwọn àti àwọn àbúrò wọn obìnrin jókòó yí pálọ̀ wa ká, bàbá mi wà láàárín, ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òwe ni Màmá Ọ̀rà fi ṣí ìpàdé, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́, torí Màmá Ọ̀rà kì í pòwe bí wọn ò bá tí ì dájọ́.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni wọ́n wí. "Ta ló ń wà nílé tí arákùnrin mi bá dé, tí ara wọn ń bà jẹ́? Ta ló ń po ògì tí wọ́n ń mu?"

"Èmi ni, Màmá," ni ìyàwó dáhùn.

"Ẹ gbọ́ o! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

Bàbá mi lanu láti sọ̀rọ̀. Ikọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n nawọ́, wọ́n mirí, wọ́n tún lanu, ikọ́ tún gbé e. Bí wọ́n bá sì ti ń wúkọ́ tó ni àwọn àbúrò wọn ń wo ìyàwó, pé ó tún ń ṣe é lójú wọn báyìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ rí dókítà àyà, ká wo fọ́tò inú àyà wọn. Màmá Ọ̀rà wò mí.

"Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa eṣinṣin. Ṣé eṣinṣin lo rí níbí yìí?"

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bọ́ sínú Ìgbómìnà pọ́nńbélé, wọ́n sì bú ìyàwó ní èébú tí mi ò lè kọ sínú ìwé tí ọmọdé lè ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wọn gòkè lọ, a sì gbọ́ ìró báàgì ìyàwó bó ṣe ń yí bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọlọ́kadà kan dì í pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo ń retí kó sunkún, kí n lè bínú sí i. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi lójú títì.

"Akọ̀wé mi, ògì Alájì wà nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí omi rẹ̀ kó má kan jù."

Ó lọ sí Ìrèsì. Mo yí omi ògì náà. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn, mo sì ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi ń jẹ níyà.

Ilé dákẹ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ ò dákẹ́. Àjẹ́ ti lọ, àìsàn ń le sí i. Bàbá mi kò lè pe ìrun mọ́, ẹlòmíràn ló ń pè é, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tipátipá. Mo pe Màmá Ọ̀rà, mo bi wọ́n ohun tí wọ́n rí sí i. Wọ́n ní ọwọ́ obìnrin náà gùn, pé láti Ìrèsì ló ti ń ṣe é. Mo bi wọ́n bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé mọ́. Mo gbé bàbá mi sínú mọ́tò, a gba ìlú mìíràn lọ, sí ọsibítù ńlá kan tí dókítà àyà wà. Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó gbé fọ́tò inú àyà síwájú iná, ó wò ó. Ó ní kí bàbá mi ṣí aṣọ kí òun gbọ́ mímí wọn. Bí wọ́n ti ṣí fìlà ni dókítà na ọwọ́, ó mú ìyẹ́ kékeré kan, funfun, rírọ̀, tó lẹ̀ mọ́ etí fìlà náà.

"Bàbá, ẹyẹ wo lẹ ń sìn?"

Ojú bàbá mi là. Láti oṣù bíi mélòó kan, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè tó dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyẹlé wọn fún un, èyí tó gọ̀, èyí tó ń jowú, èyí tó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ tọ ìyàwó ẹlòmíràn lọ. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n ìgbà tí ikọ́ máa ń lọ, àti ìgbà tó máa ń dé. Mo jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, orí mi ń gbóná. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ pa gbogbo ẹyẹlé tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ohun tí dókítà ṣàlàyé fún bàbá mi. Inú ẹ̀dọ̀fóró wa kún fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mọ́ wa. Wọn ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ kéékèèké ni wọ́n, tó nà jáde lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ọ̀nà mímí wa, wọ́n ń tọwọ́ bọ gbogbo ohun tó bá bá afẹ́fẹ́ wọlé. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni lórúkọ. Irú aṣọ tó wọ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí ọwọ́ bá ti kan irú aṣọ tí kòkòrò àìsàn máa ń wọ̀, ìbáà ṣe àkísà rẹ̀ lásán, igbe olè ni. Wọn kì í béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Lọ́dún kan, àwọn fìgìlántì àdúgbò wa mú ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé ó dirun bí àwọn ọmọ Èkó, wọ́n sì ti lù ú tán kí wọ́n tó bi í ọmọ ta ni. Irú wọn ni.

Ẹ má jẹ́ kí n bú wọn jù. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ikọ́ àkọ́kọ́ tó bá mú ọmọ ìkókó ni yóò pa á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé eruku ẹyẹlé kún fún àkísà. Lẹ́búlẹ́bú ìyẹ́ wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbígbẹ wà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò tó ti kú wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀tá gidi kan láàárín wọn. Láràárọ̀ tí bàbá mi bá mú ọwọ̀, igbe á ta, àwọn jagunjagun ara á dé tàdátàdá. Àwọn kan nínú wọn máa ń rántí ojú, nítorí náà ìjà tọ̀la á le ju tòní lọ. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí ìjà bá parí, egbò á wà. Egbò á san, àpá á kù. Àpá kì í gba afẹ́fẹ́.

Mo bi dókítà ìdí tí Màmá Ọ̀rà fi ń sin ẹyẹlé tí wọn kì í sì wúkọ́. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹlòmíràn máa ń fara balẹ̀, pé ìdí rẹ̀ gan-an ò tíì yé ẹnikẹ́ni tán.

Bàbá mi ti ń gbọ́ láti àárọ̀. "Ṣé pé àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ló ń lù mí?"

"Àwọn ni, Bàbá. Wọ́n rò pé àwọn ń gbà yín sílẹ̀ ni."

Bàbá mi de fìlà wọn padà. "Bí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Dókítà kọ oògùn, ṣùgbọ́n ó ní oògùn ò ní ṣe nǹkan kan bí ẹyẹlé ò bá kúrò. Mo ní ìyẹn rọrùn. Mo ti gbàgbé ìlú tí mo ti wá.

Màmá Ọ̀rà kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ìgbà tí bàbá mi fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni wọ́n gbà, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Àwọn ló gbé ẹyẹlé wá, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tó le gan-an, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ lé àwọn ẹyẹlé o. Àwọn fúnra wọn yóò bẹ̀ wọ́n.

Ẹ bá mi wò ó. Màmá Ọ̀rà wọ aṣọ funfun, mo fi ìbomú bò wọ́n nímú, wọ́n gòkè lọ sí bálíkóní pẹ̀lú àgbàdo nínú igbá. Bàbá mi wà nísàlẹ̀ lójú títì, wọ́n ń wòkè, omi ń bọ́ lójú wọn. Màmá Ọ̀rà da àgbàdo sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹyẹlé.

"Ẹ má bínú sí wa," ni wọ́n wí. "A ò lé yín. Ẹ ti ṣe wá lóore, ilé yìí ṣì ni ilé yín. Ẹ jẹ́ ká sìn yín lọ ní àlàáfíà, kẹ́ ẹ má fi ìbínú kúrò lọ́dọ̀ wa."

Àwọn ẹyẹlé jẹ àgbàdo náà tán. A kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, wọ́n sì wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀rà bí ìyàwó tuntun. Màmá Ọ̀rà ṣí apẹ̀rẹ̀ lágbàlá wọn kí wọ́n lè mọ ilé. Wọ́n pè mí pé gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ibi tí mo ti ń gba ìpè yẹn, mo ń wo àwọn ẹyẹlé lórí bálíkóní wa, wọ́n ti dé ṣáájú ìpè. Màmá Ọ̀rà padà wá. Wọ́n tún da àgbàdo, wọ́n tún kúnlẹ̀, wọ́n tún bẹ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tì wọ́n mọ́nú ilé oníwáyà ní Ọ̀rà títí tí wọ́n fi pa ọmọ síbẹ̀. Bàbá mi lọ sí Èkó, ẹ̀gbọ́n mi sì wá, ó fi omi rin gbogbo ibẹ̀ kí eruku má baà fò, ó tú pákó náà palẹ̀.

Bàbá mi padà dé. Ilẹ̀ ṣú, ibà ò dé. Ó pẹ́ kí ara wọn tó le, àmọ́ ó le. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pe ìrun, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń gbọ́. Wọ́n mú un dé òpin. Obìnrin alákàrà pariwo "Alihamudulilahi" láti ìdí agbada. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nu ún.

Nígbà tí wọ́n dé láti mọ́ṣáláṣí, wọn ò jókòó. "Gbé mi lọ sí Ìrèsì," ni wọ́n wí. "Pe ẹ̀gbọ́n mi. A jọ ń lọ ni."

Màmá Ọ̀rà ń kùn lẹ́yìn mọ́tò títí a fi dé. A bá ìyàwó níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń rán ṣòkòtò àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, ó gbé àga fún wa, ó bu omi wá, ó tún kúnlẹ̀. Bàbá mi ní àwọn wá sọ fún un pé ẹyẹlé ni.

"Mo ti gbọ́, Alájì. Ẹni tó ń ti Ọ̀rà wá ná ọjà níbí ló sọ ọ́." Ó ń ká òwú mọ́ ọwọ́. "Ó tún sọ bí wọ́n ṣe bẹ àwọn ẹyẹlé. Pé wọ́n kúnlẹ̀. Pé wọ́n da àgbàdo. Pé nígbà tí ẹyẹlé padà wá, wọ́n tún bẹ̀ wọ́n."

Bàbá mi gbé ife omi tí wọ́n fẹ́ mu sílẹ̀.

"Ẹyẹlé ló fẹ́ pa yín, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi sìn ín jáde. Èmi ni mò ń po ògì yín, báàgì mi ni wọ́n jù sórí àtẹ̀gùn." Ó yíjú sí Màmá Ọ̀rà, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wọn ni."

Màmá Ọ̀rà wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo bàtà wọn. Màmá Ọ̀rà wá wò mí, pé kí n gba àwọn sílẹ̀. Èmi ń wo òkè Ìrèsì bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, mi ò rí i rí, ìyá mi ò rí i rí. Màmá Ọ̀rà di ọwọ́ àga mú, wọ́n sọ orúnkún wọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí àwọn méjèèjì fi kúnlẹ̀ kojú ara wọn.

"Ẹ má bínú sí wa," ni wọ́n wí. "A ò lé..." Wọ́n dúró, torí pé a lé e. Wọ́n fo ibẹ̀. "O ti ṣe wá lóore. Ilé yẹn ṣì ni ilé rẹ." Ohùn wọn já. Ìyàwó sáré gbá wọn mú, ó ń gbé wọn dìde, ó ń ní, "Ó tó, Màmá, ó tó." Ojú tì mí fún gbogbo wa, títí kan èmi tí mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, tí mo sì jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé e lọ.

Ó bá wa padà sílé. Ògì bàbá mi tún ń gbóná láràárọ̀. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, nígbà mìíràn mo tiẹ̀ ń jókòó tì í. Dókítà ní ibi tó ti le nínú ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi kò ní rọ̀ mọ́, pé ibi tó kù ni wọn yóò máa fi mí títí ayé. Bí wọ́n bá ń pe ìrun báyìí, wọ́n máa ń dúró láàárín gbólóhùn kan láti mí, àdúgbò á dúró dè wọ́n.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ṣófo. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní Ìrèsì, ó ní kò síṣòro, òun á máa lọ rán aṣọ níbẹ̀. Tó bá ku ọ̀la ọjà Ìrèsì, á di báàgì rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí wa, á lọ, tó bá ti rán èyí tó wà nílẹ̀ tán, á dé. Bàbá mi ní kí n lọ gbé ẹ̀rọ náà wálé. Mo lọ, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé mi, ẹ fi í síbẹ̀." Ẹyẹlé padà wá fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Obìnrin yìí, a bẹ̀ ẹ́ kó tó padà, kò sì tíì padà tán.